Báwo ni mo ṣe lè kó ìgbín àjèjì kúrò láìpa ìgbín ilẹ̀ wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ìgbín, mo kí yín láti Àkúrẹ́. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, mo ra ìgbín lọ́wọ́ oníṣòwò kan, mo sì dà wọ́n sínú ọgbà láìyẹ̀ wọ́n wò, àìfarabalẹ̀ tèmi nìyẹn. Nígbà tó yá ni mo rí i pé orí ìkarahun àwọn kan mú ṣóńṣó, nígbà tí ti ìgbín ńlá ilẹ̀ wa rí róbótó. Achatina fulica ni wọ́n, irú tó ṣẹ̀ wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹyin díẹ̀ tó tóbi ni tiwa máa ń yé, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, kéékèèké bí ẹ̀wà. Wọ́n ti jẹ ewé ìbẹ́pẹ mi tán, wọ́n sì ti jáde lọ sí igbó etí odò Àlà.

Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n lóru, mo sì ti da omi gbígbóná sí ẹyin wọn. Iyọ̀ yóò pa tiwa náà, pẹ́pẹ́yẹ kò sì mọ ti ilé yàtọ̀ sí ti àlejò. Ní Hawaii, wọ́n kó ìgbín apẹran kan wọlé ní ọdún 1955 láti jẹ irú yìí gan-an, àmọ́ ìgbín ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló dojú kọ.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo ni pé: oúnjẹ tàbí ọgbọ́n wo ni mo lè fi tan irú àjèjì yìí jáde nínú igbó náà, tí tiwa kò fi ní bá a lọ?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.