Ìgalà gba ọta, síbẹ̀ ó sá lọ

Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo wà nínú oko kòkó wa lọ́nà Ìdànrè. Akọ ìgalà kan dúró níwájú mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ sí mi, nǹkan bí 40 ìṣísẹ̀. Kátíríìjì oníhóró wẹ́wẹ́ tí mo fi ń pa ọ̀yà ló wà nínú ìbọn mi. Mo yìn ín, ó fò sókè, ó sá. Mo sáré tọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, n kò rí i. Ọjọ́ Àìkú ni òórùn mú mi débi tó kú sí létí odò, ó ti jẹrà. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣé ọta ni kò tó ni, àbí ibi tó bà á?

Ọdẹ Ọ̀wọ̀
Ọmọ mi, méjèèjì ni, ìkánjú sì ni ìkẹta.

Hóró wẹ́wẹ́ kì í ṣe ti ìgalà. Bí ọ̀nà bá ti jìn, inú awọ àti ẹran ara ló ń há sí. Kátíríìjì oníhóró ńlá 9 ló ń wọnú. Òun náà ń fọ́nká ṣá: ní yáàdì 30, ó lè fẹ̀ tó íńṣì 30, ara ìgalà kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi kì í yìnbọn sí èyí tó bá ju 25 ìṣísẹ̀ lọ.

Fi ojú tọ ẹsẹ̀ iwájú lọ sókè, dúró ní ìdámẹ́ta ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn èjìká gẹ́lẹ́. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóóró wà níbẹ̀. Bó bá kọ̀dí sí ọ, jẹ́ kó máa lọ.

Tó o bá ti yìn ín tán, jókòó. Lẹ́yìn náà, lọ wo ilẹ̀ ibi tó dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóóró ni, kò ní jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, ní sùúrù. Bí o bá rí koríko àjẹtì tó ń rùn, ìfun lo bà: padà sílé di àárọ̀. Ẹran tí a kò lé á dùbúlẹ̀ nítòsí. Ní 1998 mo fọ́ ikùn túùkú kan, mo sì ń lé e nínú òkùnkùn. Itan ẹ̀gbọ́n mi ló gba eyín rẹ̀.

Ẹlẹ́ran Ọjà Ọba
Ẹ ṣeun, bàbá. Èyí tí ìfun rẹ̀ bá fọ́, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Kò sí bí mo ṣe lè yan án kó lọ. Òjé ọta náà ń kó sínú ẹran, kò sì dáa fún ọmọdé, nítorí náà mo máa ń gé gbogbo àyíká ojú ọgbẹ́ dànù. Ẹ̀yin lẹ ń dín èrè mi kù, ẹ jọ̀wọ́.

Ọmọ Àkúrẹ́
Ẹ ṣé o, bàbá. Bó bá jẹ́ ṣakabùlà bàbá mi ńkọ́?

Ọdẹ Ọ̀wọ̀
Bí ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ bá wà nínú rẹ̀, kò ní lọ tààrà, ọgbẹ́ lásán ló máa dá sí ẹran lára. Ọta òjé róbótó kan ni, kó o sì sún mọ́ ọn gan-an. Má ṣe ki ẹ̀tù jù, ẹnu ìbọn lè fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ojú tó ń dán nínú tọ́ọ̀ṣì, má tíì yìn ín títí o fi rí ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ mìíràn wà nínú igbó yẹn lóru.