Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọdún egúngún ló ga jù ní Ìlọrin: kí ni kí n ṣe sí kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí?

Tíṣà Ọjà-Ọba béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Ìlọrin ni mo ti ń kọ́ni ní ìtàn. Àwọn tí mò ń kọ́ lópin ọ̀sẹ̀ kì í wá sí kíláàsì, orí Zoom la ti ń pàdé. Òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn: tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, awakọ̀, ìyá tó ń ta aṣọ, ẹnìkan tiẹ̀ ń ta epo bẹntiróòlù. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, àpótí dúdú méjìdínlógójì ni mò ń wò, kò sẹ́ni tó ń tan kámẹ́rà. Màá ní ṣé ẹ ń gbọ́ mi, ẹnìkan á tẹ "bẹ́ẹ̀ ni, sà", ó tán.

Ní sáà tó kọjá, mo ní kí oníkálukú kọ ìtàn agboolé rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta. Lójú mi, iṣẹ́ tó dùn ni. Nígbà tí mo ka ẹ̀kẹta, mo ní èyí mà jọ ti àkọ́kọ́. Nígbà tí mo fi máa dé ìkẹwàá, mo ti mọ gbólóhùn tó ń bọ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ AI, èyí tó ń kọ̀wé fún èèyàn, ló kọ ọ́ fún wọn. Ọ̀kan ò tiẹ̀ rántí pa ìkíni tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ rẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà pé inú òun dùn láti ràn án lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ agboolé kan ní Àlánàmú. Ó kọ ọ́ pé ọdún egúngún ló ga jù ní agboolé àwọn, pé gbogbo Ìlọrin ló ń jáde wá wò ó. Ìlọrin o! Ìlọrin Àfọ̀njá tó tóbi tó yẹn tí kò léégún, tó jẹ́ ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi oríkì yìí kí láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kò kà á ni. Èmi nìkan ni mo kà á. Ìyàwó mi ní ẹ̀rín tí mò ń rín lọ́jọ́ náà ń ba òun lẹ́rù.

Mi ò fẹ́ sọ ara mi di ọlọ́pàá. Iṣẹ́ tó máa wù wọ́n ṣe fúnra wọn ni mò ń wá. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń fi ohùn, fídíò àti máàpù ṣe é. Ta ló ti dán an wò níbí, nílẹ̀ tí iná ò ti dúró sójú kan? Ẹ má fi ibi tó ti bàjẹ́ pamọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Egúngún Ìlọrin yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, èmi àti ẹ̀rọ yẹn sì ti wọ̀yá ìjà.

Yorùbá ni mò ń kọ́ wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò fi ìwé kíkọ ṣíwájú mọ́. Kálukú á lọ bá àgbà kan, á gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, á gé e kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ó wá to gbogbo rẹ̀ sórí Google My Maps, máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè fi àmì tirẹ̀ sí. Ẹni tó bá tẹ àmì tó wà ní Òmù-Àrán, ohùn Òmù-Àrán ló máa gbọ́.

Ẹ ní ká má fi ibi tó ti bàjẹ́ pamọ́. Máàpù yẹn kì í gba ohùn sínú, ìlíǹkì Google Drive, ibi tí a ń kó fáìlì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ ó fi sábẹ́ àmì. Lọ́jọ́ tí a pe àwọn òbí pé kí wọ́n wá gbọ́, gbogbo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni Drive ní kó lọ tọrọ àyè, torí àwọn ọmọ ò ṣí fáìlì wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ojú tì mí. Ìkejì: ọ̀pọ̀ fóònù ń fi ohùn pamọ́ sí m4a, irú fáìlì ohùn kan; Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé e, kò sì mọ m4a jẹ àfi tí ẹ bá fi FFmpeg, ètò mìíràn, kún un. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wádìí ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan. Bàbá rẹ̀ ń hun òfì ní Ìlọrin yín níbẹ̀. Ó gba ohùn bàbá náà sílẹ̀ nídìí òfì, mo fetí sí i: kàtà, kàtà, kàtà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó lọ tún un gbà níbi tó dákẹ́. Ó lọ. Èyí tó mú bọ̀ dún geerege, àmọ́ bàbá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ọmọ náà ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká lo ti àkọ́kọ́. Bàbá mi kì í lè sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀." Mo gbà fún un. Ó jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá ibi tí òwú ti já, tí bàbá dúró láti so ó. Ibẹ̀ nìkan ni òfì ti dákẹ́. Bí bàbá ti ń so òwú, ó ń sọ pé bàbá tòun lè wà nínú yàrá kó ti mọ̀ pé òwú já lọ́wọ́ ọmọ òun níta, ìró lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n. Òfì tún bẹ̀rẹ̀, ó sì gé e síbẹ̀. Ọ̀gá, mo ti ń kọ́ni tipẹ́, èmi fúnra mi ò lè kọ́ ọmọ yẹn bó ṣe máa gé e dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti máàkì, ìdajì ni mo fún ohùn. Ìdajì tó kù wà fún ojú ewé kan: kí lo gé dànù, kí ló dé tí o fi gé e? Ẹ̀rọ ò lè dáhùn ìyẹn, torí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbájà:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ẹ má sọ ọ́ di fídíò! Olùkọ́ wa kan ní ká ṣe fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún, ká fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday tó mọ́. Agogo méjì òru ni mo gun orí àpáta lẹ́yìn ilé wa kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wọlé. Dátà tán nígbà tó ku díẹ̀ kó wọlé tán, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ohùn kò wúwo. Ẹ gbà wá láyè ká fi í ránṣẹ́ bíi voice note, kí ẹ sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, torí àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn bá lọ.

Bàbá Ẹ̀rìn-Ilé:

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Drive, ẹ ò sọ̀rọ̀ agboolé. Ṣé ẹ ti bi baálé léèrè kí ẹ tó gbé ohùn ìyá arúgbó síta fún gbogbo ayé? Ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ dé, ó fèsì, ẹ gbé e sórí máàpù. Lọ́la tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè bá délẹ̀, lọ́yà kan á gbé máàpù yín lọ sí kóòtù. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹ tó gba ohùn, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e tán, kí ẹni tó sọ ọ́ gbọ́ ọ.

Akọ̀wé Òmù-Àrán:

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Kí n kàn fi díẹ̀ kún un. Yunifásítì Mary Washington ní Virginia, Amẹ́ríkà, ní kíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní ds106, tí wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi kọ̀ǹpútà sọ ìtàn. Jim Groom ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010, nígbà tó di 2011 wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kálukú ló ní sáìtì tirẹ̀ tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, kì í ṣe àpótí olùkọ́. Ní 2013, David Wiley, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, náà kọ̀wé lórí irú asáínmẹ́ǹtì tí akẹ́kọ̀ọ́ kórìíra láti ṣe, tí olùkọ́ kórìíra láti máàkì, tó sì máa di ìdọ̀tí lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ìwé egúngún yẹn ló ń wí.

Tíṣà Ọjà-Ọba:

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo padà dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo pe ọmọ Àlánàmú yẹn. Mi ò bá a wí. Mo ní kó mú ìwé rẹ̀, kó lọ kà á sókè fún ìyá rẹ̀ àgbà, kó sì gba gbogbo ohun tí ìyá bá sọ sílẹ̀. Mo sọ ti Bàbá Ẹ̀rìn-Ilé fún un, ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ baálé.

Ohùn náà dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kàwé bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí kò rí i rí. Ó dé ibi egúngún. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìyá wá ní, "Egúngún ilé ta?" Ọmọ náà ní ilé wa ni, Mama. Ìyá ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Kò rí èsì fọ̀. Ẹ gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń fọ abọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró mọ́.

Lánàá ló pè mí pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ò tó. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, kó lọ gé e. Ó ní òun ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ Tuesday, òun ò mọ ibi tí òun á fi ọ̀bẹ sí.