Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi: sẹ́ńsọ̀ ló kú, kì í ṣe pọ́ǹpù epo

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin ará. Mo béèrè níjọ́sí pé kí ló dé tí ọkọ̀ mi kì í fẹ́ sítáàtì bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tó ń mu epo bí omi, tí èéfín dúdú sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ní pọ́ǹpù epo ni. Kì í ṣe pọ́ǹpù. Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ni.

Kóòdù P0118 (àmì àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ yìí) ni sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, gbé jáde, ó ní omi ẹ́ńjìnnì wà ní -40°C, nígbà tí rọ́bà radíétọ̀ gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn! Kọ̀ǹpútà rò pé ẹ́ńjìnnì tutù, ló ṣe ń da epo sí i jù. Mo yọ pulọ́ọ̀gì orí sẹ́ńsọ̀, mo fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì inú rẹ̀ pọ̀. Lójú ẹsẹ̀, òǹkà ojú sikánà fò kọjá 130°C. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ pé wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò ní àìsàn kankan. Mo wá fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú irin ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé.

Kí n tó de tuntun, mo dán an wò. Nínú omi tútù, nǹkan bí 2,500 ohm (òṣùwọ̀n bó ṣe ń dènà iná) ni mítà kà; bí mo ṣe ń da omi gbígbóná sí i, ó ń já wálẹ̀ títí tó fi tó 300. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kẹ́ ẹ tó tú u, omi yẹn lè bó ni lára.)

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń sítáàtì, èéfín ti lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n wo sẹ́ńsọ̀ kí n tó ra pọ́ǹpù, ẹ ṣé gan-an ni.