Mo fẹ́ fi búrọ́ṣì mi ké sí ará Ifẹ̀ kí wọ́n jáde dìbò. Kí ni kí n kọ?

Àdùkẹ́ Ọlọ́dà (Lágeré)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe, àfọwọ́kọ. Flex, báńà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, ti gba oúnjẹ lẹ́nu wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn onímọ́tò tó fẹ́ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ àti àwọn ìyá olóúnjẹ ló kù tó ń pè mí. Ìdìbò ń bọ̀, ẹni tí mo bá bi ládùúgbò á ní wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa kéde. Mo wá rò ó pé kí n kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà láti Lágeré dé Sábó. Mi ò ṣe é fún ẹgbẹ́ kankan, owó àpò mi ni màá fi ra ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ wo ló lè gbé èèyàn dìde lórí ìjókòó? "Ìbò rẹ ni ohùn rẹ" ti sú gbogbo ayé. Ṣé ara ògiri ni kí n kọ ọ́ sí àbí ara páńkó? Báwo ni wọn ò ṣe ní sọ pé olóṣèlú kan ló rán mi? Mo ti ya ọ̀kan wò lórí ìwé: bàbá, ìyá àti ọmọ wọn lábẹ́ agboòrùn nínú òjò, wọ́n ń lọ dìbò, lẹ́tà wà lókè orí wọn. Ọkọ mi ní ó rẹwà.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ
Háà, àǹtí Àdùkẹ́! Bàbá, ìyá àti ọmọ, Labour Party nìyẹn. Agboòrùn, PDP. Ẹ kúkú fi ìgbálẹ̀ sí ìyá yẹn lọ́wọ́ kí APC má bàa bínú 😂

Bàbá Ìlódè
Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀. Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àmì ò kéré nílẹ̀ yìí. Láyé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), tí o bá ya àkùkọ sára ògiri, wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ NCNC lo jẹ́. Ní 1979, ògùṣọ̀ ni ti UPN. Ní 1993, ẹṣin ni ti SDP. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó wà nílé tàbí lóko tí ẹgbẹ́ kan ò tíì fi ṣe àmì. Fi àwòrán sílẹ̀ jàre, jẹ́ kí lẹ́tà ṣe iṣẹ́. Yẹra fún àwọn àwọ̀ wọn náà. Dúdú lórí ìyeyè ni mo fara mọ́, ó máa ń hàn láti òkèèrè.

Kọ́pà Tẹ́lẹ̀rí
Mo bá INEC ṣiṣẹ́ ọjọ́ ìdìbò nígbà tí mò ń sìnlú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí: àwọn tó jáde gan-an, tí wọ́n tún padà sílé láìdìbò, wọ́n pọ̀. Ní 2021, INEC sọ àwọn ojúkò ìdìbò kéékèèké di yúnìtì (ibi ìdìbò) gidi. Yúnìtì tó jẹ́ 119,973 jákèjádò Nàìjíríà di 176,846. Ti Ọ̀ṣun nìkan jẹ́ 3,763. Wọ́n sún orúkọ àwọn kan lọ sí yúnìtì tuntun, àwọn olórúkọ ò sì mọ̀. Orúkọ àwọn tó wà ní yúnìtì kan nìkan ló máa ń wà nínú BVAS ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò. Ìyá àgbàlagbà á tò sórí ìlà láàárọ̀, á dé iwájú ẹ̀rọ, orúkọ ò sí. Ta ló fẹ́ padà wá lẹ́yìn ìyẹn?

Nítorí náà, ìwúrí kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ, ìsọfúnni ni. Ẹ kọ orúkọ yúnìtì àdúgbò tí pátákó bá wà. Ẹ kọ ọ́ pé: "8:30 àárọ̀ sí 2:30 ọ̀sán. Tó o bá ti wà lórí ìlà kó tó di 2:30, wàá dìbò." Gbólóhùn kejì yẹn, èèyàn púpọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ
Èmi ò gbà o. Ìsọfúnni ò lè gbé ẹni tó ti sọ̀rètí nù. Àǹtí, ẹ kọ "353" nìkan, kó tóbi bí ilẹ̀kùn. Nínú ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní September 22, ọdún 2018, ìbò 254,698 ni ẹgbẹ́ kan ní, èkejì ní 254,345. Ìyàtọ̀ jẹ́ 353! Wọ́n tún ìbò dì ní yúnìtì 7 péré, méjì wà ní Ifẹ̀ Gúúsù, ọ̀kan wà ní Ifẹ̀ Àríwá. Ará oko wa ló di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà ń wò. Ẹni tó bá rí 353 á béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Sábó
Àwọn tó ṣì ń bínú nítorí 353 yẹn wà ládùúgbò mi, ọkọ mi wà lára wọn. Tí ẹ bá kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ìjà lẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àti pé, ẹ má tan ara yín, ẹni tí wọ́n bá fún lówó "dìbò kóo sebẹ̀" kì í wo ògiri.

Kọ́pà Tẹ́lẹ̀rí
Tó bá jẹ́ nọ́ńbà lẹ fẹ́, ẹ mú ti ìdìbò gómìnà July 16, ọdún 2022. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun jẹ́ 1,955,657, àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò tí wọ́n sì lè dìbò jẹ́ 823,124. Ìdajì ò pé. Kò gún ẹgbẹ́ kankan lójú, àwa tá a jókòó sílé ló ń bá wí.

Lọ́yà Párákìn
Ẹ dúró ná, àǹtí. Òfin Ìdìbò ní lọ́jọ́ ìdìbò, láàárín 300 mítà sí yúnìtì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìwé, àmì tàbí àwòrán tó jẹ mọ́ ìdìbò náà síta. Ẹ ro Ifẹ̀ wò: láti Lágeré dé Sábó, ibo lẹ máa dúró sí tí yúnìtì kan ò ní sí láàárín 300 mítà? Ẹ lè ní ẹ ò polongo ẹnikẹ́ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi ò ní gba oníbàárà mi nímọ̀ràn kó lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ọlọ́pàá lójú títì. Ohun tó ṣeé gbé wọlé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ lò, ẹ má fi ọ̀dà ẹ̀nàmẹ́ẹ̀lì kọ nǹkan sára ògiri. Ẹ gba àṣẹ onílé, kí ẹ sì béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n má bàa ní kí ẹ san owó pátákó.

(Òfin yẹn kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ lo egúngún fún òṣèlú. Ọmọ Ìrẹ̀mọ, mo mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu rẹ.)

Ayàwòrán Kámpọ́ọ̀sì
Lọ́yà ti sọ ọ́ tán, àmọ́ ògiri ṣì ṣeé lò. Àwọn ìyá tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè nílùú wa níbí kì í lo ọ̀dà inú agolo. Ẹfun, èédú àti ilẹ̀ pupa ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún un kùn. Àwọn tó dá Ọnà, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán, sílẹ̀ ní 1989, bíi Moyọ̀ Òkédìjí àti Bọ́lájí Campbell, lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi ẹfun àti èédú kọ ọ́ sábẹ́ òrùlé tí òjò ò dé. Tó bá di ọjọ́ Friday, omi àti kànrìnkàn ti parí rẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ inú iṣẹ́ náà ò burú: ẹ lo irú ti ara ògiri wọn yí etí ọ̀rọ̀ ká, kò sí ẹgbẹ́ tó ní in. Ẹ fi àlàfo sáàárín ìlà dáadáa o. Àmì ohùn ìlà kejì àti àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà kìíní á máa gbá ara wọn tí ẹ bá fún un pọ̀, ọlọ́kadà ò sì ní dúró tú u fún yín.

Àdìó Houston
Ní Amẹ́ríkà níbí, AIGA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ dísáìnì, ti ń ní kí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe pósítà ìdìbò tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan láti 2000. Ó máa ń rẹwà. Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú Kọ́pà, èyí tí mo bá rí àdírẹ́ẹ̀sì lára rẹ̀ ni mo máa ń yà fọ́tò rẹ̀.

Àdùkẹ́ Ọlọ́dà (Lágeré)
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ya bàbá, ìyá àti ọmọ yẹn dànù, agboòrùn àti gbogbo rẹ̀. Páńkó ni màá lò, dúdú lórí ìyeyè, orúkọ yúnìtì lókè, aago nísàlẹ̀. Ẹfun wà fún ìsàlẹ̀ Sábó tí àwọn bàbá ń jókòó sí. Ọmọ Ìrẹ̀mọ, 353 rẹ, má bínú, mi ò lè gbé e. Ìyá Sábó, àwọn tó ń gbowó sebẹ̀ yẹn, mi ò lè bá wọn jà. Àwọn tí kò gbowó tí wọn ò sì jáde ni mò ń wá.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Sábó
Ẹ gbé ọ̀kan wá nígbà náà. Kó má dí ọjà mi lójú. Èmi fúnra mi á máa gbé e wọlé lálẹ́.

Bàbá Ìlódè
Ti Ìlódè náà ńkọ́? Lọ yẹ orúkọ yúnìtì wa wò dáadáa kó o tó kọ ọ́, torí méjì ló wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn jọra, ojoojúmọ́ la sì ń ṣì wọ́n pè.