Fóònù àti ìtọ́jú àtọ̀gbẹ: ìmọ̀ràn wo lẹ ní?

Ìbéèrè, Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi tó wà nílé ní àtọ̀gbẹ, Èkó ni èmi sì ń gbé. Wọ́n ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn páálí oògùn ni wọ́n ń kọ èsì sí, páálí ọ̀hún a sì sọnù. Kí ni fóònù lè ṣe fún wa?

Ará Ṣágámù: Kí wọ́n ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ẹ fi áláàmù sí i fún oògùn. Áláàmù kò nílò dátà.

Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde: Fọ́tò dára, àmọ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ, nítorí ṣúgà ẹ̀yìn ìkọ́kọrẹ́ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti òwúrọ̀ kí wọ́n tó jẹun, èyí tí a sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín 80 sí 130 mg/dL (òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀), bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà lè yí i padà fún àgbàlagbà. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 70, kí wọ́n mu omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tó máa wá fóònù kiri.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ṣeun. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni tiwọn ńkọ́?

Ará Ṣágámù: Ẹ máa pè wọ́n láràárọ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ sílẹ̀.