Ọrun tí mo gbẹ́ kì í nà padà mọ́: ṣé ó ṣì ṣeé gbà là?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agbègbè Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, gbọ́ nínú oríkì wa pé ọdẹ ni baba ńlá òun, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ kan ọrun. Mo gé ọ̀dọ́ igi hazel kan lára ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ààbọ̀, ó ki tó ọrùn ọwọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ 3 péré ni mo fi sá a sábẹ́ òrùlé kí n tó fi ìfági fá inú rẹ̀, ìyẹn ìhà tó máa ń kọjú sí ẹni tó ń ta ọrun. Èèpo nìkan ni mo bó ní ẹ̀yìn, ìyẹn ìhà kejì, torí bí fọ́nrán igi bá gé níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́. Apá ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ le gbagidi. Mo fá a díẹ̀díẹ̀ títí òun àti apá òkè fi ń tẹ̀ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọsán, ìyẹn okùn ọrun, ò tíì já tí ọrun ti fẹ́ di ọ̀pá. Bí mo bá tú ọsán, ó ṣì tẹ̀ tó ìbú ìka 4. Mo dì í mọ́ pákó mọ́jú, ó nà; mo fà á bí ìgbà 10, ó tún tẹ̀. Nínú rẹ̀, nítòsí ìdìmú, mo rí ìlà tín-ín-rín 3 tó dábùú igi, bí ara awọ tó hunjọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọrun ṣe, ṣé ọ̀rinrin ló fà á, kí n sá a fún oṣù mélòó kan sí i, àbí àwọn ìlà yẹn ti fi hàn pé kí n gé igi mìíràn?