Ọdún Mélòó Ni Ìjọ Wa Pé Gan-an? Bí A Ṣe Ń Wá Ìtàn Páríṣì Àgùdà Lábúlé

Olùtọ́jú ìwé ìjọ:
Ìjọ Àgùdà lábúlé kì í ní ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo. Ó ní ọdún tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń péjọ gbàdúrà, ó ní ọdún tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ní ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù sọ ẹ̀ka di páríṣì, ìyẹn ìjọ tó dá dúró. Bí jùbílì bá ti ń sún mọ́lé, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn àgbà ń ka ti àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ ń ka ti ìkẹyìn, wọ́n á wá fín ọdún kan sára òkúta láìsọ èwo ni.

Ìwé ìsàmì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, àmọ́ kì í ṣe ti páríṣì yín. Nígbà tí ìjọ yín ṣì jẹ́ ẹ̀ka, inú ìwé páríṣì tó bí i ni wọ́n ń kọ orúkọ sí. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ máa wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí títí abúlé yín yóò fi kọ́kọ́ yọjú. Ẹ kọ ọjọ́ náà, nọ́ńbà ìlà rẹ̀ àti orúkọ fada tó ṣe ìsàmì sílẹ̀.

Ìwé tó bá ti pẹ́ ju Fátíkánì Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù (1962 sí 1965), lọ, èdè Látìnì ni. Josephus ni Jósẹ́fù, patrinus ni bàbá ìsàmì, matrina ni ìyá ìsàmì. Àwọn fada SMA (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà fún ilẹ̀ Áfíríkà) tó wá láti Faransé a sì máa kọ orúkọ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ: ou ni u wọn, ch ni ṣ wọn. Ọ̀ṣun lè di Ochoun. Ẹni tó ń wá s nìkan á kọjá lára abúlé rẹ̀ láìmọ̀. 1 wọn tún ní ìrù lókè, ó ń jọ 7. Ẹ fi ìlà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e yẹ ọdún náà wò.

Katikíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n fi díẹ̀ kún un. Òfin Ìjọ, ẹsẹ 1208, ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí bí wọ́n bá ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́ tàbí tí wọ́n bùkún un: ẹ̀dà kan ní ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù, ìkejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ti abúlé lè ti bá ikán lọ, ẹ béèrè ti dáyósísì, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ dáyósísì tó ni yín nígbà náà. Abẹ́ Ondó ni Èkìtì wà kó tó dá dúró ní 1972; abẹ́ Èkó ni Abẹ́òkúta wà títí di 1997. Ẹni tó ń wá ìwé ọdún 1960 ní Adó-Èkìtì lè padà lọ́wọ́ òfo, kí ìwé náà sì wà ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù Ondó wà.

Ẹ wo ògiri inú pẹ̀lú. Bí àgbélébùú méjìlá tàbí mẹ́rin bá wà lára rẹ̀, ibi tí Bíṣọ́ọ̀bù fi òróró mímọ́ pa nìyẹn: ìyàsímímọ́ ni wọ́n ṣe, kì í ṣe ìbùkún lásán. Ẹ má kà á mọ́ Ọ̀nà Àgbélébùú o, mẹ́rìnlá ni tìyẹn.

Ní ti agogo, ọdún tí wọ́n rọ ọ́ sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ fi pẹ́ńsù kun orí bébà náà, lẹ́tà á yọ. Ṣùgbọ́n agogo lè ti dún níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Bíríkìlà:
Ilé amọ̀ kì í ga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ipele kan, bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, á gbẹ kí wọ́n tó lé òmíràn. Bí amọ̀ òkè bá yàtọ̀ láwọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbé ògiri ga lẹ́yìn náà. Ẹ béèrè ìgbà tí páànù dé orí ilé.

Àtúnṣe jùbílì ló ń pa irú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Wọ́n á fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ látòkè délẹ̀. Omi tó ń gun ògiri láti ìpìlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ ògiri á rọ̀, sìmẹ́ńtì á wú, á sì bọ́ lódindi tòun tamọ̀. Amọ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ amọ̀, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa. Kí ẹ tó fọ́ ilẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀: lẹ́yìn Fátíkánì Kejì wọ́n fa ọ̀pọ̀ pẹpẹ kúrò lára ògiri kí fada lè kọjú sí ìjọ, àpá rẹ̀ sì lè wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Olùtọ́jú ìwé ìjọ:
Bàbá Katikíìsì, ẹ ṣeun. Bíríkìlà, ọwọ́ yín ò ní rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ìtàn, ẹ má fi fada òyìnbó ṣe ìbẹ̀rẹ̀ kìkì nítorí pé òun ló ń kọ ìwé. Nígbà tí Fada Borghero, ọ̀kan lára àwọn fada SMA, dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà níbẹ̀, Bàbá Antonio ló ń kó wọn jọ fún àdúrà láìsí fada kankan. Bí abúlé yín bá ní irú rẹ̀, ìwé lè má pè é ní olùdásílẹ̀. Ẹ wá a sí àyè patrinus: ẹni tó jẹ́ bàbá ìsàmì fún ogún èèyàn láàárín ọdún kan, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ òun.